Orúkọ Tí Ẹ Fi Rán Mi

Bàbá mi tí mo purọ́ fún,

Mo gbọ́ orúkọ náà. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kí n tó kí yín, kí n tó sọ ti ara mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ tò sórí ìlà ní ilé tẹlifóònù ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ pariwo orúkọ sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ ní òdìkejì ọ̀sà, ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́. Wáyà kò já. Ohùn yín mọ́ gaara. Ẹ ní kí n sọ fún Lékè pé Yéwándé ni kí ó sọ ọmọbìnrin tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, pé ìyá yín ló ti padà wá. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo po tíì, mo mu ún. Nígbà tí Lékè wá kan ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ láti gba orúkọ tí Bàbá fi ránṣẹ́, mo sọ fún un pé ẹ ní kí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní èyí tó bá wù ú.

Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ nílé wa. Àlejò là ń sọ ọ́ fún. Bí àgbà bá sọ ọ́ fún ẹni tí ó tọ́ dàgbà, ó ti ní kí onítọ̀hún máa bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Lékè náà mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá wáyà ni kò dára, bóyá n kò gbọ́ yín yé. Mo ní mo gbọ́ yín bí ẹni pé ẹ jókòó tì mí. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, pásítọ̀ ló bá wọn wá orúkọ. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ìbùkún. Mo wà níbẹ̀. Mo tọ́ oyin wò, mo tọ́ iyọ̀ wò, àmín tèmi ló sì dún jù nínú ilé.

Mo ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin báyìí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ kẹ́míkà ní ìlú Houston yìí. Mo lè ṣàlàyé ohun tó ń mú kí irin dípẹtà, ṣùgbọ́n mi ò rí àlàyé tó dára fún ohun tí mo ṣe. Ìlara ni. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kedere kí n má baà tún rí ibi sá sí. Ìyàwó mi ti bí ọkùnrin méjì nígbà náà, dókítà sì ti ní kò gbọ́dọ̀ bímọ mọ́. Ìyá àgbà tó máa ń fa ẹja inú àwo tirẹ̀ yọ fún mi, tí mo sùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ títí mo fi tó lọ sílé ìwé, ìyá àgbà yẹn ló wá sọdá òkun, ó dé Houston, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì wọ ilé Lékè ní òpópónà kejì. Mo bínú sí òkú, Bàbá. Mo sì bínú sí ẹ̀yin tí ẹ bá a jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ má rò pé inú mi ti rọ̀ tán. Mi ò jókòó kọ lẹ́tà yìí láti kàn tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin náà wà lára àwọn tí mo ń gbẹ̀san lára wọn. Bàbá Lékè lẹ jọ ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà, ó kú, ẹ mú ọmọ rẹ̀ wálé, mi ò rí ẹ̀bi kankan nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ ni ẹ ń fi ìka ẹsẹ̀ yín kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹ má baà jí mi, ẹ̀yin méjèèjì á sì gbé àwọ̀n jáde. Mo máa ń lajú sílẹ̀, Bàbá. Ní gbogbo òwúrọ̀ náà. Bí mo bá ní kí n tẹ̀ lé yín, ẹ óò ní ìwé ni tèmi. Ẹ fún mi ní ìwé, ẹ fún Lékè ní ọ̀sà. Kí ló dé tí ẹ kò bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́ nínú méjèèjì?

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ yẹn, ẹ máa ń bi mí lórí fóònù pé, "Ìyá mi ńkọ́?" Ọmọ Lékè lẹ ń béèrè. Mo máa ń ní ara rẹ̀ le, ó ti ń rìn, ó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ní ó di ìgbà mìíràn. Ẹ bi mí pé kí ló ṣe Lékè tí kò pè yín, mo ní iṣẹ́ ni. Lékè ní tirẹ̀ kò dárúkọ yín mọ́. Odindi ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí ẹ kú, mo wá sílé wá sin yín, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sì ń bi mí pé ọmọ yín kejì dà. Mo ní Lékè ti di ará Amẹ́ríkà. Wọ́n mi orí, wọ́n pòṣé. Inú mi dùn, Bàbá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí yín níbẹ̀, inú mi dùn.

Ẹ má sì rò pé èmi àti Lékè kì í ríra. Ìjọ kan náà là ń lọ. Ó ń pè mí ní Bọ̀dá, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi ti òun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ọkọ̀ ojú omi ló bá wá sí ìlú yìí, ó ṣiṣẹ́ ní èbúté ní La Porte títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹja ló kù tó ń ṣe báyìí. Ó ra ọkọ̀ omi kékeré kan, ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ fà á lọ sí àwọn adágún odò tó wà lápá àríwá ìlú, ó ń pa ẹja kan tí wọ́n ń pè ní kráápì. Ẹja pẹlẹbẹ ni, ó funfun, àmì dúdú wínníwínní sì kún ara rẹ̀. Ó fẹ́ jọ ẹpìyà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ẹpìyà lọ. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ. Mo máa ń ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé Ìbùkún, ọmọ rẹ̀ yẹn, ti lóyún. Ó kọrin, ó jó díẹ̀, ó wá ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ṣe bàbá fún òun, torí pé òun dàgbà láìní bàbá. Láìní bàbá! Gbogbo ìjọ ní halelúyà. Mo pa Bíbélì mi dé. Ẹni tó gba òwúrọ̀ yín, tó gba ọ̀sà yín, tó gba ìyá yín, òun ló dìde láàárín èrò tó ní òun kò ní bàbá. Mo gbàgbé pé èmi ni mo gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú náà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé pátápátá.

Kí n tó wakọ̀ dé ilé mi ní Fondren Southwest lọ́jọ́ náà, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo máa sọ fún un pé ẹ fi orúkọ ránṣẹ́. Mo máa ní wáyà ló já, pé ẹ̀yìn ìsọmọlórúkọ ni mo tó mọ̀, pé mo dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá jẹ́ kó mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi retí ohùn rẹ̀, tí kò pè, tí ẹ sì kú sórí ìrètí yẹn. Mo fẹ́ kí ó máa gbé e sùn, kí ó máa gbé e jí, títí tirẹ̀ náà á fi pé. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, mo gé e kúrú, mo há a sórí. Mo tún yan ibi tí mo máa ti sọ ọ́: nínú ọkọ̀, láàárín omi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè dìde jáde. Mo pè é, mo ní ẹsẹ̀ mi ti yá.

Sátidé tó kọjá la lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó fi ti dé géètì apartment mi, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó. Ó ti gbé gàrí, ẹ̀pà àti omi tútù sínú kúlà, ó ti ra ẹja wẹ́wẹ́ láàyè sínú garawa fún ìdẹ. Ó ń sọ̀rọ̀ láti Houston títí a fi dé etí omi. Mi ò dá a lóhùn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

"Bọ̀dá, ẹ so jákẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Mi ò fẹ́ máa wá yín kiri nínú omi Texas."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀wẹ̀?"

"Ẹ ò mọ̀wẹ̀ o! Ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tí ẹ já sómi létí ọ̀sà, tó jẹ́ pé ìró Ìyá Àgbà ni wọ́n fi fà yín jáde?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ó wa ọkọ̀ lọ sí abẹ́ afárá kan, níbi tí àwọn igi tó ti kú dúró sí nínú omi. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó sì fi nu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn, Bàbá. Mi ò tíì rí i láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Bóyá ó yẹ kí omi bọ́ lójú mi. Ohun tí mo ń rò ni pé, èwo ni mo wá jogún?

Ẹja ń jẹ lọ́jọ́ náà. Kọ́ọ̀kì tó léfòó lórí okùn ìwọ̀ mi á rì, màá fa ọ̀pá sókè pẹ̀lú gbogbo agbára, okùn á sì bọ́ lófìfo.

"Ẹ rọra, Bọ̀dá! Ẹnu ẹja yìí ò nípọn ju bébà lọ. Tí ẹ bá já a báyẹn, ẹnu á ya, á sì lọ."

"Ṣé kí n wá máa bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ẹ gbé e bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yín tó féèlì."

Ẹnu ẹja mẹ́rin ni mo ya. Òun kàn ń gbé tirẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, ó ń wọ̀n wọ́n lórí pákó kékeré kan, ó ń dá èyí tí kò bá gùn tó padà sómi, ó ń kó ìyókù sínú kúlà. Mo rí i pé kò ka ẹja rẹ̀. Mo mọ ìdí. Bí wọ́n bá bi yín létí ọ̀sà pé mélòó lẹ pa, ẹ óò ní wọ́n wà níbẹ̀. Bí mo ṣe rántí ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà á.

"Mẹ́sàn-án," mo ní, ketekete. "Mẹ́wàá."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á."

"Mọ́kànlá. Kí ló burú nínú ìṣirò?"

"A kì í kà á nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká gúnlẹ̀ ná."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Ó mú ẹja wẹ́wẹ́ kan nínú garawa, ó rọra fi kọ́ ìwọ̀.

"Omi ló kọ́ mi."

Omi! Mo ní kó dárúkọ yín ni. Mo fún un láyè, ó sì tún sẹ́ yín lójú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí dé ẹnu mi, ó kù kí n la ẹnu. Àfi bí òun ṣe ṣáájú mi.

"Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ kan wà. Ìbùkún ló rán mi sí yín." Ojú kọ́ọ̀kì ló ń wò, kò wo ojú mi. "Obìnrin ni ọmọ inú ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ lọ wá orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi ti àwọn ẹgbẹ́ òun. Ó ní àgbà ilé ni kó fi orúkọ ránṣẹ́. Mo ní, àgbà wo? Ó ní, Uncle mà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ló ń wí."

Mo ká okùn ìwọ̀ mi wọlé.

"Ẹ má bínú pé orí omi ni mo gbé e wá. Tó bá jẹ́ nílé ni, ẹ máa ń tètè dìde."

Bàbá, àwa méjèèjì ló yan ibẹ̀ nítorí ohun kan náà.

"Mi ò fẹ́ kí ojú ẹ̀ rí ohun tí ojú mi rí," ó ní. "Nígbà tí wọ́n bí òun, ṣebí ẹ̀yin lẹ jíṣẹ́ Bàbá fún mi. Ẹ rántí pé mo bi yín bóyá wáyà ni kò dáa? Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ fún ìyá Ìbùkún pé wáyà ni. Mo ní Bàbá ò lè ṣe irú ẹ̀ fún mi láé. Òun ló wá ní, ṣebí Bọ̀dá ní àwọn gbọ́ ọ bí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo gbà. Mo ní ó dáa, Bàbá ti rí nǹkan kan lára mi tí èmi ò rí. Mo ti wá nǹkan náà títí, Bọ̀dá. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo há sórí ti bàjẹ́. Orí wáyà tó já ni mo kọ́ gbogbo rẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ti dí ọ̀nà yẹn lọ́dún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mo wò ó. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tó ń tú inú ara rẹ̀ wò láti ìgbà náà, tó ń wá ẹ̀bi tó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní purọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì: kì í ṣe àánú ló la ẹnu mi. Ìbínú náà ni, ó kàn ṣẹ́rí padà bá èmi tí mo gbé e dání.

"Kò sí nǹkan kan lára rẹ," mo ní. "Bàbá fi orúkọ ránṣẹ́. Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ kí ni?"

"Yéwándé. Ó ní ìyá òun ló padà wá sí ilé rẹ. Wáyà ò já. Èmi ni mo ní kí o sọ ọ́ ní èyí tó bá wù ọ́. Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀."

Kọ́ọ̀kì rẹ̀ rì. Kò wò ó. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ tẹ̀, ó yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó bá ẹja lọ sínú omi, kò sì na ọwọ́ sí i.

"O gbọ́ ọ," ó ní.

Ẹ gbọ́ bó ṣe pè é, Bàbá? *O.* Ọdún méjì péré ni mo fi ju Lékè lọ. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa ni ó ti ń fi *ẹ* pè mí, torí ẹ ní kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ń jà lórí orí ẹja, tó gé mi jẹ, tí mo fọ́ ọ létí, *ẹ* ló fi ń bú mi. Lórí omi yẹn, ó bọ́ ọ kúrò lára mi bí ẹni bọ́ aṣọ lára olè. Mi ò mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ti ń bo ara mi tó bẹ́ẹ̀.

"O gbọ́ ọ, o sì wá jẹ oyin nílé mi."

"Mo jẹ ẹ́."

"Bàbá béèrè mi?"

"Ó béèrè rẹ títí ó fi kú. Ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo ń dá a lóhùn."

Ọfà tí mo gbẹ́ fún un nìyẹn, mo sì rí i bó ṣe wọlé. Ó dùn mọ́ mi. Mo ní kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni Lékè dorí kodò, ó káwọ́ lérí, ó sì ké, "Bàbá mi o!" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ẹyẹ fò lórí àwọn igi tó ti kú. Mi ò tíì fi irú ohùn yẹn pè yín rí, nínú ayé mi, kódà nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ lé yín lórí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ó dé ibi tí ẹ wà?

Nígbà tó gbé orí sókè, mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Mo tún fẹ́ sọ pé bí ó bá fẹ́, kó sọ orúkọ náà di ti ọmọ inú Ìbùkún.

"Dákẹ́," ó ní. "Kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tọmọ inú. Ó ní ẹni tó ni ín. Lọ gbé e fún un. Fúnra rẹ. Má fi rán mi."

Ó tan ẹ́ńjìnnì. A kò jẹ gàrí náà.

Wákàtí kan ààbọ̀ la fi wà lórí márosẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi. Mo rántí ìgbà ìkẹyìn tí ẹ pè mí, tí ikọ́ kò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ já gaara, tí ẹ bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé mo jíṣẹ́ yín. Mo ní ó dá mi lójú. Ẹ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ní ó dáa. Kí lẹ rí nínú ohùn mi? Ṣé ẹ ti mọ̀? Bí ẹ bá ti mọ̀, kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n mú un jẹ? Ẹni tó lè gbọ́ ẹja nísàlẹ̀ omi, ṣé kò gbọ́ irọ́ ọmọ rẹ̀ ni? Mo bínú sí yín lórí ìyẹn náà, láti orí adágún odò títí dé Missouri City.

Ibẹ̀ ni Ìbùkún àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ìṣirò ni Ìbùkún ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan. Lékè kò wọlé. Ó fa páìpù omi jáde níwájú ilé, ó ń fọ ọkọ̀ omi náà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà kò dọ̀tí.

Mo gbé kúlà wọ ilé ìdáná. Ìbùkún ń ro ẹ̀fọ́, ikùn rẹ̀ sì ti ga dé etí sítóòfù.

"Uncle! Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Daddy dà?"

"Ó wà níta."

"Ṣé ẹ ti mú orúkọ baby wá? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ forget o. Mo ti ń wait."

"Mi ò tíì ní tọmọ. Tìrẹ ni mo mú wá."

"Tèmi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Uncle, mo ní orúkọ now. Ẹ tiẹ̀ wà ní naming mi, mo rí yín nínú fọ́tò."

Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ fún un ní ìdúró, ní Yorùbá, mo tún sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan má baà bọ́ sílẹ̀: bí ẹ ṣe tò sórí ìlà, bí ẹ ṣe pariwo, ohun tí mo sọ fún bàbá rẹ̀, bí ẹ ṣe ń pe òun ní ìyá yín lórí fóònù, tí ẹ ń bẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn òun. Ó pa iná sítóòfù. Ó fa àga, ó jókòó. Ó wo bàbá rẹ̀ láti ojú fèrèsé bó ṣe ń da omi sí ojú kan náà lára ọkọ̀.

"Daddy ti ń rò pé Grandpa ò fẹ́ wa," ó ní. "Gbogbo ìgbà yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Uncle, ìyẹn wicked gan-an."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó rọ̀ jù ú lọ.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kí ni orúkọ náà?"

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, mi ò tíì dárúkọ. Mo na ẹ̀yìn mi bí ó ṣe lè nà mọ, torí ìjíṣẹ́ àgbà kì í ṣe ohun à ń fẹ̀yìn ti ògiri ṣe.

"Bàbá mi ní kí n kí ọ," mo ní. "Wọ́n ní Yéwándé ni orúkọ rẹ."

Ó pè é. Ahọ́n Houston tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo tún un pè fún un. Ó tún un pè, ó sì pé.

"Kí ló mean?"

"Ìyá wá mi dé."

Ó rò ó wò. Oníṣirò ni, kì í jẹ́ kí nǹkan lọ láìyé e. "'Mi' yẹn, ta ni? Èmi? Àbí Daddy?"

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi jà lórí *mi* yẹn. Mo rò pé èmi ni ó yẹ kó jẹ́, tí ẹ sì sọ ọ́ di Lékè. Ó ṣe wá jẹ́ pé nínú ilé ìdáná yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe òun. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ọmọ yín méjèèjì ti sọdá omi, ẹ̀yin ni ìyá yín wá dé. Ọ̀rọ̀ yín fún ara yín ni, ẹ kàn ní kí n gbé e dé ẹnu ọ̀nà kejì.

"Bàbá mi ni," mo sọ fún un. "Àwọn ni ìyá wọn wá dé."

Ó dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó kọjú sí ìta, ó di férémù mú nítorí ikùn rẹ̀.

"Daddy," ó ké, "ẹ pa omi yẹn, ẹ wọlé. Yéwándé ń pè yín."

Mo ti gbé e fún un, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀ sí yín tán, tí kò sì ní bàbá mìíràn tó fẹ́ ju yín lọ.